Òbúkọ Atúnlùúṣe àti Ibùsùn Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ kò dáhùn bí ẹni tó jẹun yó. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ò!

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ súnmọ́ ibí. Ààlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé orí ọlọ́jà, kò bà lé orí ọdẹ. Orí Òbúkọ onírùngbọ̀n ló bà lé, ẹni tó fẹ́ gba ibùsùn mọ́ odò lọ́wọ́. Bí mo bá dá orin, ẹ̀yin ẹ máa gbè é pé, "Fi ibùsùn mi sílẹ̀." Ṣé ẹ gbọ́? Ó yá.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń kọ́lé, tí wọ́n ń joyè, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Etídò. Odò ńlá kan wà níwájú ìlú náà, òkè kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín òkè àti odò, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀. Àkúrọ̀ ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà.

Àwọn baba ńlá wọn kò kọ́lé sí Àkúrọ̀. Ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n fi eèsún sílẹ̀ kí ó kún etí odò. Wọ́n fi ojú àgbàrá sílẹ̀ kí ó máa gbé omi òjò láti orí òkè lọ sínú odò. Wọ́n fi Àkúrọ̀ sílẹ̀ fún odò. Lọ́dọọdún, bí òjò bá pọ̀, odò á dìde, á rọra wọ Àkúrọ̀, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bí òjò bá dá, á ká ẹní rẹ̀, á padà sílé. Ilẹ̀dú ló máa ń fi sílẹ̀, àti ẹja nínú kòtò. Àwọn ará ìlú á wá gbin ẹ̀fọ́, wọ́n á gbin ilá, wọ́n á gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ìjà. Kò sí ẹjọ́. Kò sí ẹni tí omi gbé lọ.

Òbúkọ ń gbé ìlú yìí, òun àti Ewúrẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti ìbejì wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Òbúkọ jẹ́ fún yín. Ó ní irùngbọ̀n, ó rò pé ọgbọ́n ni. Ó ní ìwo, ó rò pé adé ni. Ó ń rùn, ó rò pé òórùn ọlá ni.

Ní ọdún kan, Òbúkọ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú Ọ̀dàn. Ọ̀dàn jìnnà sí odò. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, omi mímu pàápàá ń wọ́n wọn. Òbúkọ rí i pé ilé wọn tò lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó rí ògiri gíga tí wọ́n mọ yí ìlú ká nítorí ẹkùn. Ojú rẹ̀ là. Ó là kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà tó padà sí Etídò, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Ní Ọ̀dàn tí mo ti ń bọ̀, wọn kì í se é báyìí."

Bí wọ́n bá kí i, á ní, "Ní Ọ̀dàn tí mo ti ń bọ̀, wọn kì í kíni báyìí."

Bó bá sì wo Àkúrọ̀, á mi orí, irùngbọ̀n á máa mì tẹ̀lé e, á ní, "Ní Ọ̀dàn tí mo ti ń bọ̀, wọn kì í fi ilẹ̀ tó dára tó báyìí tọrẹ fún omi."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọba Ẹfọ̀n. Ìlú sì ń kún nígbà náà. Òkété kó bàbá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé, Àgùntàn kó ẹbí dé, Ìgalà náà ń bọ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ òkè kò gbà wọ́n mọ́. Ọba ránṣẹ́ pe Òbúkọ sí ààfin.

"Òbúkọ, wọ́n ní o mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìlú di ńlá."

Òbúkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Ẹ fún mi ní Àkúrọ̀. Màá gé eèsún. Màá dí ojú àgbàrá. Màá mọ ògiri sí etí odò. Ìlú yín á di ìlọ́po méjì, àwọn ọba tó wà lókèèrè á sì máa wá wo ògiri yín."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé odò ń sùn ní Àkúrọ̀. Ta ló sọ̀rọ̀ nínú wọn? Kò sí. Wọ́n ti rí i pé ojú ọba ń dán, oníkálukú bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì bí ẹni gbé òkèlè mì.

Ọba ní, "Lọ ṣe é. Bí o bá parí rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá wá fi ọ́ joyè Atúnlùúṣe lórí ògiri náà."

Háà! Ẹ̀ bá rí Òbúkọ bó ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kò wo ilẹ̀ mọ́. Ó ń kọsẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń kọsẹ̀.

Nígbà tó ròyìn fún Ewúrẹ́, Ewúrẹ́ ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n níbo wá ni odò á máa sùn?"

Òbúkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ìyá Ìbejì! Ṣé ara ń ro odò ni, tó fi ní láti sùn?"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òbúkọ kò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ó ń nawọ́, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gé gbogbo eèsún. Bí wọ́n ṣe gé èyí tó kẹ́yìn, odò gbé orí sókè, ó kọrin:

*Òbúkọ, Òbúkọ, o kú iṣẹ́ o,*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*
*Eèsún tí o gé, ìrọ̀rí mi ni,*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*
*Bí òjò bá dé, ibo ni mo fẹ́ sùn?*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*

Àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Òbúkọ tutọ́ sílẹ̀. "Odò, mo rò pé o lágbára. Èwo wá ni ti ẹkún nítorí koríko? Ẹ máa báṣẹ́ lọ!"

Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ láti orí òkè, wọ́n fi dí ojú àgbàrá, wọ́n fi kún kòtò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Odò tún gbé orí sókè:

*Òbúkọ, Òbúkọ, o kú iṣẹ́ o,*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*
*Àgbàrá tí o dí, ọ̀nà ọmọ mi ni,*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*
*Bí wọn ò bá rí mi, ilé ta ni wọ́n á yà?*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*

Òbúkọ ní, "Ní Ọ̀dàn tí mo ti ń bọ̀, odò kì í bá ènìyàn pàtàkì sọ̀rọ̀."

Òkété ń ti ẹrù iyẹ̀pẹ̀ kọjá. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ní Ọ̀dàn, kò sí odò." Àwọn tó gbọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Òbúkọ kò gbọ́. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń wọ̀ ọ́ létí.

Wọ́n wá mọ ògiri. Wọ́n fi amọ̀ àti òkúta mọ ọ́, láti igun kan Àkúrọ̀ dé igun kejì, kò sí ihò kan lára rẹ̀ tí èèrà lè gbà. Odò gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kẹta:

*Òbúkọ, Òbúkọ, o kú iṣẹ́ o,*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*
*Èmi lè yà sí òdìkejì lọ,*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*
*Ọmọ mi tó ń bọ̀ látòkè ńkọ́?*
*Fi ibùsùn mi sílẹ̀.*

Òbúkọ ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀! Ẹ̀rù ògiri mi ń bà á."

Wọ́n pín ilẹ̀. Ìdí ògiri gan-an, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ni Òbúkọ kọ́ ilé tirẹ̀ sí, kí gbogbo ẹni tó bá wá wo ògiri lè wo ilé mọ́ ọn. Ó kọ́ ilé Òkété sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá Òkété ti darúgbó, ẹsẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ó tẹ ilẹ̀ ilé tuntun náà wò, ó ní, "Òbúkọ, ilẹ̀ yìí ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Òbúkọ ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ara yín ló ń tutù. Ẹ wọlé."

Bàbá Òkété wọlé.

Òjò dé. Òjò ọdún náà kì í ṣe òjò kékeré. Odò kún, ó dìde, ó wá sí ìdí ògiri, ó fọwọ́ kàn án. Odò dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí òdìkejì, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kò wọ Àkúrọ̀. Ẹ̀kán omi rẹ̀ kan kò wọlé.

Ha, Òbúkọ! Ó fò gun orí ògiri. Ó kọjú sí odò, ó kẹ̀yìn sí ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Odò ti sá! Ẹ wá wò ó! Ẹnu odò ti wọhò! Èmi Òbúkọ ni mo lé e!" Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí odò, ó na ẹsẹ̀ òsì sí odò, ó fi ìrù bú odò. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń ronú bí wọ́n á ṣe máa pè é ní Atúnlùúṣe. Ó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́, láti gbọ́ bó ṣe ń dún.

Iwájú rẹ̀ nìyẹn o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?

Òjò orí òkè ń sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ojú àgbàrá, ó bá a ní dídí. Ó wá ọ̀tún, ó wá òsì, ó tú sórí Àkúrọ̀. Ó ń lọ bá odò ìyá rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ó dé ìdí ògiri, ó fi orí gbá a. Kò rí ọ̀nà. Ó bá jókòó. Òjò mìíràn dé, ó bá a níbẹ̀, òun náà jókòó. Òmíràn tún dé.

Ewúrẹ́ jáde wá sí ìdí ògiri. "Bàbá Ìbejì! Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú ilé."

Òbúkọ kò yíjú. "Àwọn ọmọ ló tọ̀. Lù wọ́n."

Ó ń jó lọ. Ewúrẹ́ tún jáde. "Bàbá Ìbejì! Omi ti dé orúnkún. Ẹní ti ń léfòó, ìkòkò ti ń léfòó."

Òbúkọ kò yíjú. "Gbọ́n ọn dà síta."

"Síta níbo? Ògiri yín ni síta!"

Ó ń jó lọ. Ewúrẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ń wẹ̀ bọ̀ ni, orí rẹ̀ nìkan ló hàn. "Bàbá Ìbejì! Mo ti gbé àwọn ọmọ sórí òrùlé. Òkété wà lórí òrùlé tirẹ̀, kò rí bàbá rẹ̀ gbé jáde. Ẹ fọ́ ògiri yìí! Ẹ fọ́ ọ nísinsìnyí!"

Ìgbà yẹn ni Òbúkọ tó yíjú padà.

Ó rí omi. Ó rí i pé omi tó wà nínú ìlú ga ju èyí tó wà nínú odò lọ. Ó rí òrùlé ilé rẹ̀ bí igbá tó dojú dé, ó rí àwọn ìbejì rẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń ké. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ọ̀la ni ọba ń bọ̀. Bí ògiri bá wó, orí kí ni wọ́n á ti fi òun joyè?

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣe sùúrù. Ẹ fara dà á di ọ̀la. Bí ọba bá ti wá, tó sì ti lọ, a óò wá nǹkan ṣe sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri mi."

Ewúrẹ́ wò ó. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Kò bá a jà, kò bú u. Ó wẹ̀ lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó tẹ orí ba, ó sì fi ìwo kan ògiri náà gbàgà. Ó dá orin. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é ní "Wó, wó, wó!"

*Ògiri Òbúkọ,*
*Wó, wó, wó!*
*Ọmọ ń bẹ lórí òrùlé,*
*Wó, wó, wó!*
*Oyè kò gba ni lọ́wọ́ omi,*
*Wó, wó, wó!*

Àgùntàn gbọ́ orin, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé tirẹ̀, ó fi orí kàn án. Ìgalà fi ìwo kàn án. Òkété bọ́ sí ìdí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti eyín wú òkúta, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Òbúkọ ń sáré síwá-sẹ́yìn lórí ògiri. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fẹ́ ba ojú ìlú jẹ́! Màá fẹjọ́ yín sun ọba!"

Ó ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ògiri là lábẹ́ rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wó lulẹ̀ wòò! Omi tú jáde, ó gbé Òbúkọ, ó yí i po, ó sọ ọ́ sáàárín odò.

Odò fọwọ́ mú un. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Èyí kò lè bá mi sùn." Ó pọ̀ ọ́ sí etí omi bí ẹni pọ egungun ẹja.

Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti gbẹ kúrò ní Àkúrọ̀. Ewúrẹ́ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Wọ́n rí Bàbá Òkété lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ó ti kú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ìlẹ̀kùn mú. Òkété jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, Ọba Ẹfọ̀n dé tòun ti ìjòyè, tòun ti fìlà oyè. Kò rí ògiri tó fẹ́ gùn. Ẹrẹ̀ ló rí, àti àwọn tó ń sin òkú.

Òbúkọ sáré jáde, ẹrẹ̀ ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. "Kábíyèsí, ìyàwó mi ló fọ́ ọ! Ògiri náà kò ní àléébù kankan. Ẹ̀kán omi odò kan kò wọlé!"

Ewúrẹ́ kúnlẹ̀. "Òótọ́ ló wí, Kábíyèsí. Omi odò kò wọlé. Omi òjò ni kò rí ọ̀nà jáde. Èmi ni mo fọ́ ọ. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pa mí, mo ti wà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ẹjọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Nínú gbogbo yín tí ẹ jókòó ní ààfin lọ́jọ́ náà, ta ni kò mọ̀ pé odò ń sùn níbí?"

Àwọn ìjòyè ń wo èékánná ẹsẹ̀ wọn.

Ewúrẹ́ ní, "Wọ́n ní kò sí ilẹ̀ mọ́. Ejìká òkè wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó sì gbòòrò. Oko ta ni?"

Oko ọba ni. Ibẹ̀ ni ọba ti ń na ara bó bá jẹ koríko yó. Gbogbo ọdún tí àwọn àlejò fi ń wá ibi tí wọ́n á forí pamọ́ sí, ibẹ̀ ṣófo, àfi bí ọba bá wá dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Ọba Ẹfọ̀n wo Òkété pẹ̀lú òkú bàbá rẹ̀. Ó bọ́ adé, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Ẹ lọ kọ́lé sí ejìká òkè. Ẹ gbin eèsún padà. Ẹ dá ibùsùn odò padà fún un. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá so ó mọ́ etí omi, kí ó kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó gíga, kí omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìwọ Òbúkọ, ojú àgbàrá tí o dí, ìwọ nìkan ni yóò fi pátákò ara rẹ gbẹ́ ẹ tán."

Bó ṣe rí nìyẹn. Odò padà wá sùn sí Àkúrọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Ewúrẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ejìká òkè, kò pe Òbúkọ mọ́ra. Òbúkọ sì ń gbẹ́ àgbàrá. Bí òjò bá ṣú, àwọn ọmọdé ìlú á yí i ká, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́:

*Atúnlùúṣe, òjò ń bọ̀!*
*Gun ògiri rẹ!*
*Atúnlùúṣe, wá jó o!*
*Gun ògiri rẹ!*

Ìtìjú á mú un. Á ju iṣẹ́ sílẹ̀, á sáré lọ forí pamọ́ sí abẹ́ ilé onílé. Títí di òní, bí ẹ̀kán òjò kan bá kan òbúkọ lára, ṣé ẹ ti rí bó ṣe ń sáré? Ìtìjú ló ń sá fún. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ ńkọ́, tí wọn kò kọ́ ògiri kankan, tí wọn kò joyè kankan? Àwọn náà ń sá, wọ́n ń ké. Ohun tí ojú wọn rí lórí òrùlé lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń sá fún.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ tún ìlú ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi ń gbà àti ibi tí omi ń sùn, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún un. Ó tún kọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa jókòó ní ààfin lọ́la pé kí ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ mì nítorí pé ojú ọba ń dán.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó lọ kọ́lé sí ojú àgbàrá, kí ó jókòó síbẹ̀ de òjò. Ó dàárọ̀ o.